Ephraim Amu

Ephraim Kɔku Amu (13 Oṣù Kẹsàn-án 1899 – 2 Oṣù Kìíní 1995) jẹ́ akọrin, olùdarí ẹgbẹ́ akọrin, olùkọ́ àti aṣẹ̀dá orin, ọmọ orílẹ̀-èdè Ghánà. Ọmọ Ewe ni, ṣùgbọ́n èdè Twi ni ó fi kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin tí a fi mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ orin ẹgbẹ́ akọrin ni ó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, òfin kan ṣoṣo ni ó sì dì mú láti ìgbà ọ̀dọ́ títí di ọjọ́ ogbó: pé nínú èdè tí ó ní ohùn, orin ni ó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ máa sáré tẹ̀lé orin. Létí ẹni tí kì í ṣe olórin, òfin yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n inú ìgbàgbọ́ kan náà tí ó ti bí òfin yìí ni ọ̀rọ̀ tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Amu ní 1933 ti jáde wá.

Ìgbà èwe ní Peki

Ìlú Peki-Avetile ni a bí i sí, ní apá ilẹ̀ Ewe tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Gold Coast nígbà náà, èyí tí ó wà ní agbègbè Volta ní Ghánà òde òní. Ọjọ́rú ni ọjọ́ ìbí rẹ̀ bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń jẹ́ Kɔku, nítorí pé àwọn Ewe, bíi ti àwọn Akan tí wọ́n jọ múlé gbe ara wọn, a máa sọ ọmọ ní orúkọ ọjọ́ tí ó dé ayé. Peki kì í ṣe ìlú kékeré nínú ìtàn ẹ̀sìn Kristẹni ní agbègbè náà. Ibẹ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì láti Bremen, ní ilẹ̀ Jámánì, kọ́kọ́ dé sí láàrin àwọn Ewe ní 1847. Nígbà tí a ó fi bí Amu, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń gbọ́ orin ìsìn tí a mú wá láti ilẹ̀ òkèèrè.

Ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Peki-Blengo ni dùùrù ti gba ọkàn rẹ̀. Olùkọ́ kan a máa tẹ dùùrù nígbà tí a bá ń gba owó ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọkùnrin náà a sì máa tẹ́tí sí i. Àdéhùn tí àwọn méjèèjì jọ ṣe kò le: ọmọ yóò máa lọ ṣiṣẹ́ ní oko olùkọ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, olùkọ́ yóò sì máa kọ́ ọ bí a ṣe ń tẹ dùùrù. Ní 1916, ó gbé àpótí rẹ̀ lé orí, ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Peki lọ sí Abetifi, níbi tí àwọn míṣọ́nnárì Basel ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ àti oníwàásù. Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sí Peki-Blengo ní 1920 láti máa ṣe olùkọ́.

Nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó ra dùùrù kékeré kan tí ó ṣeé ká ní ìlú Koforidua. Ọkọ̀ kò dé Peki nígbà náà, nítorí náà Amu gbé dùùrù náà rù, ó sì fi òru rin apá tí ó kẹ́yìn nínú ìrìn àjò náà. Àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì kan tí ó wà ní Peki ní ìgbà náà kọ́ ọ ní ìmọ̀ orin kíkọ sílẹ̀ ju ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ti fún un lọ. Láàrin àkókò yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá orin ti ara rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láti kọ.

Ọ̀rọ̀ àti ohùn orin

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí ó ń dà á láàmú. Èdè Twi àti èdè Ewe jẹ́ èdè olóhùn gẹ́gẹ́ bí èdè Yorùbá. Bí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ti yàtọ̀ sí ara wọn lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ ní «papa» lè túmọ̀ sí «dáadáa», «bàbá» tàbí «abẹ̀bẹ̀» lẹ́nu ẹni tí ó ń sọ Twi, tí ó jẹ́ pé ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a bá wá gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ka orí ohùn orin tí a ṣe fún èdè Jámánì tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì, orin yóò máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, yóò sì máa sọ̀kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè. Àwọn tí ìwé orin wà lọ́wọ́ wọn mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ẹni tí ó ń kọjá lọ lójú pópó tí ó sì gbọ́ orin náà ni kò ní mọ̀.

Àìmọ̀kan kọ́ ni ó fa èyí. Johann Gottlieb Christaller, míṣọ́nnárì Basel, ti tẹ ìwé gírámà èdè Twi jáde ní 1875, ó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè ńlá jáde ní 1881, ó sì fi àmì ohùn hàn nínú rẹ̀. Ìmọ̀ náà wà nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé. Inú ìwé orin ni kò dé.

Àwọn kan sì ti wà tí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà láìka ìwé kankan. Ní etíkun ilẹ̀ Fante, nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí Thomas Birch Freeman jẹ́ àgbà òjíṣẹ́ fún, àwọn obìnrin tí kò mọ̀wé kò lè lo ìwé orin. Freeman yìí kan náà ni ó dé Badagry àti Abẹ́òkúta ní 1842. Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè wọn gbé orin láti inú ìwàásù àti láti inú ìtàn Bíbélì, wọ́n ń gbé e bí wọ́n ti máa ń gbé orin nílé: ẹnì kan yóò lé e, àwọn yòókù yóò sì gbè é. Ebibindwom ni a ń pe orin wọn. Ó ṣeé ṣe fún wọn láti gbé e lọ́nà bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹnu ni a fi ń ṣẹ̀dá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ti ń jáde ni orin ń jáde. Ohun tí ó ṣòro ni ṣíṣe é fún ẹgbẹ́ akọrin ńlá, ní ohùn mẹ́rin, tí a kọ sílẹ̀ kí àwọn tí ó wà ní ìlú mìíràn lè kọ ọ́. Iṣẹ́ tí Amu gbé lé ara rẹ̀ lọ́wọ́ nìyẹn.

Ìṣòro yìí kò ṣàjèjì sí àwọn tí ó wà ní ìhà tiwa. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti ń fi ohùn orin ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọ orin ìsìn, ó sì gba orin sílẹ̀ sórí àwo ní London ní 1922. T. K. E. Phillips, tí ó di atẹdùùrù Cathedral Church of Christ ní Èkó ní 1914, kọ ìwé nípa orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953, ìbátan ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin sì wà lára ohun tí ó yẹ̀ wò níbẹ̀. Ibi kan náà ni gbogbo wọn ń lọ, bí ọ̀nà tí oníkálukú gbà tilẹ̀ yàtọ̀.

Akropong

Ní 1926 ni a gbé Amu lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Akropong, lórí òkè Akuapem. Àwọn míṣọ́nnárì Basel ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1848. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé wọn kúrò ní Gold Coast, àwọn míṣọ́nnárì láti Scotland sì gba iṣẹ́ wọn ṣe. Àǹfààní tí Akropong ní fún olùkọ́ orin kọjá ohun tí ojú rí. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ni yóò di olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti olùdarí orin ní ìlú àti abúlé káàkiri. Orin tí ẹnì kan bá kọ́ wọn ní Akropong lónìí, ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà yóò ti dé ibi tí ẹni tí ó kọ́ wọn kò tí ì fojú rí.

Amu bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn àgbà onílù àti àwọn tí ó mọ orin ìbílẹ̀. Ohun tí ó rí lọ́dọ̀ wọn fi hàn án pé ohun tí ó ti ń kọ tẹ́lẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Kì í ṣe ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ni orin Yúróòpù ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìrìn ọ̀rọ̀ pẹ̀lú wà níbẹ̀. Orin tí ó ń rìn ní mẹ́rin mẹ́rin bíi ti àwọn ọmọ ogun kò lè gba ọ̀rọ̀ Twi sínú láìfa apá kan gùn kí ó sì gé apá kejì kúrú. Nínú àwọn orin rẹ̀ láti ìgbà náà lọ, a máa ń gbọ́ bí méjì àti mẹ́ta ti ń dojú kọ ara wọn: ọwọ́ ń pàtẹ́ ní ọ̀nà kan, ẹnu ń kọrin ní ọ̀nà mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ìlù. Ó mú ìlù wọ inú ẹ̀kọ́, ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti máa fun atenteben, fèrè tí àwọn Akan fi oparun ṣe, tí a mọ̀ mọ́ orin ọ̀fọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé rẹ̀ tí ó kó orin Twi márùndínlọ́gbọ̀n jọ jáde ní London ní 1932.

Ohùn mẹ́rin ni ó fún un ní iṣẹ́ jù lọ. Nínú orin ìsìn Yúróòpù, ohun tí ó ń mú kí ohùn mẹ́rin dùn pọ̀ ni pé bí ọ̀kan bá ń gòkè, òmíràn lè máa sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Bí àwọn obìnrin tí ohùn wọn ròkè bá pe «bàbá», tí àwọn ọkùnrin olóhùn ìsàlẹ̀ sì pe «abẹ̀bẹ̀» ní ìṣẹ́jú kan náà, kí ni ìjọ gbọ́? Ohun tí Amu kọ́kọ́ ṣe ni pé ó jẹ́ kí àwọn ohùn náà máa rìn pọ̀ sí ọ̀nà kan, bí àwọn Akan ti máa ń kọrin nílé, tí ohùn kejì ń tẹ̀lé èkíní nísàlẹ̀ ní ìwọ̀n díẹ̀. Ìṣòro mìíràn tún ni ti ẹsẹ orin. Orin ìsìn tí ó ní ẹsẹ mẹ́fà lórí ohùn orin kan ṣoṣo kò lè pa òfin yìí mọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ kejì kò ní ohùn kan náà pẹ̀lú ti ẹsẹ kìíní. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ orin Amu fi ń lọ síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìyí padà sẹ́yìn. A kò gbọdọ̀ sọ pé ó pa òfin náà mọ́ níbi gbogbo, nítorí orin rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ gan-an ní ẹsẹ tí ó ju ọ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí òun ti yà kúrò lójú ọ̀nà, àwọn tí ó wà ṣáájú rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà wà.

Èrè ọ̀nà yìí fara hàn lọ́dọ̀ àwọn akọrin. Nínú àwọn ìjọ Gold Coast, ẹgbẹ́ akọrin tí ó ń kọ orin Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń fi èdè ìbílẹ̀ kọrin, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti obìnrin ọlọ́jà ni ó sì wà nínú àwọn ẹgbẹ́ kejì yìí. Fún ẹni tí kò mọ àmì orin, orin tí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kò nira láti há sórí: bí ó bá ti lè sọ gbólóhùn náà bí ó ṣe yẹ, ó ti mọ apá tí ó pọ̀ jù nínú orin náà.

Aṣọ ìbora lórí àga ìwàásù

Amu kò lè gbà pé kí orin jẹ́ ti ilẹ̀ rẹ̀ kí aṣọ ọrùn akọrin sì jẹ́ ti ilẹ̀ òkèèrè. Ó bọ́ kóòtù àti táì sílẹ̀, ó ń wọ aṣọ ìbora tí a hun ní ilẹ̀ náà, èyí tí àwọn ọkùnrin Akan àti Ewe máa ń ta kọ́ èjìká kan. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní 1931, ó wọ aṣọ yìí lọ darí ìsìn, ó sì wàásù nínú rẹ̀.

Àwọn aláṣẹ ìjọ Presbyterian pè é láti wá wí tẹnu rẹ̀. Lójú wọn, aṣọ ìbora àti ìlù jẹ́ ohun tí àwọn tí ó gba Jésù ti fi sílẹ̀ lẹ́yìn; bí olùkọ́ àwọn oníwàásù ọ̀la bá tún gbé wọn wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ni yóò dá àwọn ọmọ ìjọ dúró? Kí òǹkàwé má ṣe rò pé òyìnbó nìkan ni ó ń rò bẹ́ẹ̀. Láti 1918 ni àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ti wà ní ipò gíga jù lọ nínú Sínọ́dù. Àwọn tí bàbá wọn ti jìyà nítorí pé wọ́n kọ òrìṣà sílẹ̀, tí wọ́n sì kúrò láàrin àwọn ará ilé wọn lọ ń gbé ní àdúgbò àwọn Kristẹni, kò lè fi ojú yẹpẹrẹ wo ìlù. Ẹ̀rù wọn ní ìdí. Amu ní tirẹ̀ gbà pé Ọlọ́run tí ó dá Twi àti Ewe ní èdè olóhùn kò lè kọ orin àti aṣọ àwọn tí ń sọ wọ́n. Kì í ṣe ẹ̀sìn ni ó ń bá jà, nítorí Kristẹni paraku ni títí ó fi kú.

Nílẹ̀ Yorùbá, Mojola Agbebi ti bá irú ọ̀rọ̀ báyìí pàdé ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú, nígbà tí ó sọ orúkọ náà David Brown Vincent nù tí ó sì ń wọ aṣọ ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n Agbebi wà nínú ìjọ tí ó ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì. Inú ilé àwọn míṣọ́nnárì gan-an ni Amu wà, owó wọn ni ó ń gbà, kò sì fẹ́ kúrò. Ní 1933 ni a dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Láti Achimota dé Legon

Achimota ni ó gbà á. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba yìí, tí a ṣí ní 1927, tí a sì ya àtẹ dùùrù funfun àti dúdú sí àmì rẹ̀, ń wá ọ̀nà láti so ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ àṣà ilẹ̀ Áfíríkà, Amu sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1934. Ní 1937, ó lọ sí Royal College of Music ní London, kò sì padà dé títí di 1941, nígbà tí ogun ti gbòde. Ohun tí ó mú bọ̀ yanjú apá kan nínú ìṣòro ohùn mẹ́rin. Ó kọ́ ọ̀nà àtijọ́ kan nínú orin Yúróòpù, èyí tí ohùn kọ̀ọ̀kan fi ń wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọ̀kan ń lé òmíràn. Ní ọ̀nà yìí, ohùn kọ̀ọ̀kan lè mú ọ̀rọ̀ kan náà ní àkókò tirẹ̀, kí ó sì pè é bí ó ti yẹ, láìjẹ́ pé gbogbo wọn ń rìn ní ẹsẹ̀ kan náà bí ọmọ ogun. Ẹni tí ó bá fi orin rẹ̀ ti ìgbà Peki wé ti ẹ̀yìn 1941 yóò gbọ́ ìyàtọ̀ náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ẹ̀kọ́ orin tí ó ń darí kúrò ní Achimota lọ sí Kumasi, àárín gbùngbùn ilẹ̀ Asante. Orin rẹ̀ lórí àwọn ahunṣọ kente ní Bonwire, ìlú kan tí kò jìnnà sí Kumasi, ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin fẹ́ràn jù, nítorí pé àwọn akọrin ń fi ẹnu wọn ṣe bí òfì ti ń dún bí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Ní àwọn ọdún 1960, ó wà ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ nípa Áfíríkà ní Yunifásítì Ghánà ní Legon, níbi tí J. H. Kwabena Nketia, onímọ̀ orin tí orin Amu ti ní ipa lórí rẹ̀ láti ìgbà èwe, ti di olùdarí. Yunifásítì náà fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá nínú orin ní 1965.

Orin tí gbogbo Ghánà mọ̀ ọ́n sí ni Yɛn Ara Asase Ni, tí àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí pé ilẹ̀ tiwa gan-an ni èyí. Ó ti ṣẹ̀dá rẹ̀ láti 1929, ó sì wà ní èdè Twi àti ní èdè Ewe. Nígbà tí òmìnira dé ní 1957, orin Philip Gbeho, ọmọ Ewe bíi tirẹ̀, ni a mú ṣe orin orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀ orin Amu ni a máa ń kọ ní ibi ayẹyẹ ìjọba àti ní ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn ènìyàn sì ń dìde dúró fún. Nínú ìjọ Presbyterian tí ó dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, orin rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin ń kọ, aṣọ ìbora sì ti di aṣọ tí àwọn ọkùnrin ń wọ lọ sí ìsìn láìsí ẹni tí yóò pè wọ́n láti wá wí tẹnu wọn.

Amu kú ní 2 Oṣù Kìíní 1995, nígbà tí ó ti pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ní 2002, ìjọba Ghánà ya àwòrán rẹ̀ sí owó bébà 20,000 cedi, owó tí àwọn ènìyàn ń ná títí tí a fi pààrọ̀ owó orílẹ̀-èdè náà ní 2007.